Àwòrán orí ẹ̀rọ ń jọ òótọ́ sí i lọ́dọọdún: ta ló ń yà á?

Ní Goro, ní àgbègbè Tchaourou, nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ sì ti ti oko dé, kò ṣòro láti rí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n forí pọ̀ sórí fóònù kan. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Ìka wọn ló ń gbá a, kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn. Bàbá àgbàlagbà kan tó bá gba ẹ̀yìn wọn kọjá lè dúró, kí ó wo ojú fóònù náà díẹ̀, kí ó sì béèrè pé: «Ẹgbẹ́ wo ló ń borí?» Lójú tirẹ̀, ìdíje gidi ni. Òógùn ń dán lójú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, aṣọ wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, òjìji wọn ń tẹ̀lé wọn lórí koríko. Àwọn ọmọ náà á rẹ́rìn-ín. «Bàbá, eré ni o. Kò sí ẹni tó ń sáré níbẹ̀.»

Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ nígbà náà dà bí ère igi tí wọ́n gbẹ́ ní kánjúkánjú: orí wọn ní igun, ìka ọwọ́ wọn kò pínyà, ojú wọn kì í ṣẹ́.

Ohun tó yí padà wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Pátákó kan ni, tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti máa ya àwòrán sí ojú ẹ̀rọ. Àwọn tó ń sọ èdè Faransé ń pè é ní carte graphique. Káàdì àwòrán ni yóò máa jẹ́ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Fóònù kò ní àyè fún irú pátákó bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n fún iṣẹ́ kan náà pọ̀ sínú ègé kékeré kan tí kò tó èékánná.

Ọ̀wẹ̀ nínú ẹ̀rọ

Àwòrán tó wà lójú ẹ̀rọ kì í ṣe odidi kan bí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sára ògiri. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín mọ́ra wọn. Ojú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ ní ẹyọ 1920 ní ìbú àti 1080 ní òòró. Àpapọ̀ wọn ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ mọ àwọ̀ tí yóò gbé wọ̀. Kí agbábọ́ọ̀lù náà tó lè dà bí ẹni tó ń sáré lóòótọ́, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ tún gbogbo àwọ̀ wọ̀nyí ṣírò ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo.

Ilẹ̀ iṣu ni àgbègbè Tchaourou, nítorí náà iṣẹ́ yìí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó ti kọ ebè rí. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà dà bí àgbà àgbẹ̀ kan tó mọ gbogbo iṣẹ́ oko: ó mọ ìgbà òjò, ó mọ irúgbìn, ó mọ iye tí yóò tà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí a kọ ẹgbẹ̀rún ebè kí ilẹ̀ tó ṣú, ọgbọ́n rẹ̀ kò lè dá a ṣe. Ọ̀wẹ̀ ni yóò bẹ̀. Káàdì àwòrán ni ọ̀wẹ̀ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ kò gbọ́n tó àgbà àgbẹ̀ yẹn. Ìṣirò kékeré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń sọ ọkọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ Nvidia ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, gbé káàdì kan jáde tó ń jẹ́ GeForce 256. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin ni káàdì náà lè kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ayé àwọn oníkọ̀ǹpútà sì kan sáárá sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé èyí tó ń jẹ́ RTX 5090 jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ jẹ́ 21760. Kò sí oko kan ní gbogbo Borgou tó tíì rí irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n wá ń kọ́ pọ̀? Onígun mẹ́ta ni. Ojú ènìyàn, òkè, igi, bàtà agbábọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ tò, tí wọ́n wá ń da àwọ̀ bò. Obìnrin tó bá ti gbé ìkòkò ka iná rí mọ ìdí tó fi jẹ́ mẹ́ta. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lè máa mì lórí ilẹ̀ págunpàgun, ṣùgbọ́n ohun tó bá fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró kì í mì. Bákan náà, ibi mẹ́ta tí a bá fi ìlà so pọ̀ yóò tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà gbogbo, ìṣirò rẹ̀ kò sì ní í da ẹ̀rọ láàmú.

Bí onígun mẹ́ta náà bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán náà yóò ṣe dán tó. Lara Croft, akọni obìnrin inú eré Tomb Raider tó jáde ní 1996, kò ní ju bíi 230 lọ ní gbogbo ara rẹ̀. Ní 2020, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Epic Games ń fi irinṣẹ́ tuntun rẹ̀ han aráyé, ère òkúta kan ṣoṣo nínú àwòrán wọn ní onígun mẹ́ta tó ju mílíọ̀nù 33 lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ló le jù

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní ìrísí nìkan kò tíì ní nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ ló kù.

Ní ọ̀sán gangan ní Goro, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í wá láti òkè nìkan. Ó ń lu páànù, páànù sì ń tàn án sójú ẹni tó ń kọjá. Ó ń lu ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ pupa sì ń da díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sára ògiri funfun, tó bẹ́ẹ̀ tí ìsàlẹ̀ ògiri náà fi ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Abẹ́ igi máńgòrò ní òjìji, ṣùgbọ́n kò ṣókùnkùn biribiri, nítorí ìmọ́lẹ̀ láti àyíká ń yọ́ wọlé síbẹ̀. Ojú ènìyàn ti mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí láti kékeré, kò sì kà wọ́n sí. Bí wọn kò bá sí nínú àwòrán kan, ojú náà yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé nǹkan kan kù, bí ẹnu kò tilẹ̀ lè sọ ohun náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Utah ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti jà púpọ̀ nínú ìjà yìí. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Henri Gouraud, wà níbẹ̀ ní 1971. Ó fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń mú kí ojú ènìyàn jọ̀lọ̀ lórí ẹ̀rọ. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀, Sylvie, jókòó, ó sì fi ìlà ya gbogbo ojú rẹ̀ sí ègé-ègé kí ó lè wọn wọ́n. Àwòrán ojú Sylvie yẹn wà lára àwọn ojú ènìyàn àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà yà tí kò fi ní igun bí àpótí. Títí di òní, orúkọ Gouraud ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà tó là náà.

Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Bui Tuong Phong, ọmọ Vietnam tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Faransé kó tó dé Utah. Òun ló rí ọ̀nà láti ṣírò ìmọ́lẹ̀ tó ń dán lára nǹkan: bí ìgbá tí wọ́n fi òróró pa, bí iwájú orí ẹni tó làágùn. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1973. Ní 1975, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa á, kò sì tíì pé ẹni ọdún 33. Òógùn tó ń dán lójú agbábọ́ọ̀lù inú fóònù àwọn ọmọ Goro yẹn, ọ̀nà tí Phong là ni wọ́n gbà dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1975 yẹn kan náà, Martin Newell, tí òun náà wà ní Utah, ń wá nǹkan tí yóò yà láti fi dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó ya ìkòkò tíì tó wà lórí tábìlì. Ó yà á. Ìkòkò funfun náà, tó ní ọwọ́ àti ẹnu bíi ti bútà tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá, wá di ohun tí àwọn oníṣẹ́ àwòrán káàkiri ayé fi ń dán ẹ̀rọ wọn wò. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọ̀ǹpútà kan ní California ni wọ́n tọ́jú ògidì ìkòkò náà sí. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti ní kí ó ya nǹkan mìíràn, nǹkan mìíràn yẹn ni ìbá wà níbẹ̀ lónìí.

Ọ̀nà tó sún mọ́ òótọ́ jù lọ ni Turner Whitted fi hàn ní 1980. Dípò kí wọ́n máa fojú dá ibi tí òjìji yóò wà, ó ní kí ẹ̀rọ tọ ipa ìmọ́lẹ̀ padà sẹ́yìn, láti ojú ẹni tó ń wò títí dé orísun rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ṣe ń tọ ẹsẹ̀ ẹran. Bí ìlà ìmọ́lẹ̀ náà bá kan dígí, kí ó wọnú rẹ̀. Bí ó bá kan omi, kí ó ta padà. Àwòrán rẹ̀ lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 74 láti ya ẹyọ kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó lè fi irú rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù.

Àwọn onífíìmù ní sùúrù ju àwọn tó ń ṣeré lọ. Fíìmù Toy Story tó jáde ní 1995, èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya látòkèdélẹ̀, ní àwòrán tó ju 114000 lọ, ó sì gba àwọn ẹ̀rọ wọn ní bíi wákàtí 800000. Ẹni tó bá pín in yóò rí i pé wákàtí méje ni fún àwòrán kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ní ìlú Cologne ní Jámánì, Nvidia fi káàdì han ayé tó lè tọ ipa ìmọ́lẹ̀ bí Whitted ṣe wí, lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń ṣeré ṣe ń tẹ bọ́tìnì.

Àwọn káàdì tuntun ti ń ṣe nǹkan mìíràn tó yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kì í ṣírò gbogbo rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń fojú dá a. RTX 5090 lè ṣírò àwòrán kan, kí ó sì fi ohun tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ méfò mẹ́ta tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí ojú ń rí kò wá láti inú ìṣirò eré náà rárá. Ojú ènìyàn sì lè má mọ̀.

Owó rẹ̀ kò kéré. Nígbà tí ó jáde, 1999 dọ́là ni wọ́n dá lé e, èyí tó ju mílíọ̀nù kan fáráǹkì CFA lọ. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 2023 jẹ́ 52000 fáráǹkì. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù ogún lọ láìjẹ láìmu kí ó tó lè rà á. Iná tó ń jẹ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ kíkan tó wáàtì 575: gílóòbù kéékèèké tó ju àádọ́ta lọ, irú èyí tó ń lo wáàtì mẹ́wàá, ni iye yẹn lè tàn. Nítorí náà, àwọn tó ń yàwòrán fún ayé ń gbé níbi tí owó wà tí iná kì í lọ. Èyí ní ìtumọ̀, gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe hàn nísàlẹ̀.

Irun ta ni wọ́n ń yà?

Ẹni tó bá rò pé òkèèrè ni wọ́n ti kọ́kọ́ wá àwòrán tó jọ ènìyàn, kí ó rántí Ilé-Ifẹ̀. Ní 1938, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń walẹ̀ láti kọ́lé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ hú àwọn orí tí wọ́n fi idẹ rọ jáde. Ètè wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ìpéǹpéjú wọn, gbogbo rẹ̀ pé bí ẹni pé wọn yóò sọ̀rọ̀. Ó ti tó nǹkan bí 600 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ti rọ wọ́n. Kódà ní 1910, nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, rí irú iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò lè gbà pé baba ńlá àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ló ṣe é. Ó ní àwọn ará erékùṣù kan tó ti rì sínú òkun ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbẹ́ ère ìbejì kò wá kí ère jọ ọmọ náà gan-an: wọ́n gbẹ́ orí tóbi, nítorí orí ló ṣe pàtàkì lójú wọn. Ohun tó wà lọ́kàn oníṣẹ́ ló ń pinnu ohun tí ère yóò fi hàn.

Kọ̀ǹpútà náà kò yàtọ̀. Ní 2020, Theodore Kim, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yale, tó ti ṣiṣẹ́ nídìí fíìmù tẹ́lẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn Scientific American. Ó ní nígbà tí àwọn onímọ̀ bá kọ «awọ ara» sínú ìwé ìwádìí wọn, awọ funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n bá kọ «irun», irun tó nà gbọọrọ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ irun gígùn. Irun tó ká, irú èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà, kò rí ẹni tó bìkítà fún un.

Abájọ tí ọmọbìnrin tó bá fẹ́ yan ẹni tí yóò dúró fún un nínú eré orí ẹ̀rọ fi sábà máa ń rí irun gbọọrọ oríṣi méjìlá, orí fífá kan, àti irun kan tó dà bí fọ́ọ̀mù tí wọ́n gé láti ara àga. Ṣùkú kò sí níbẹ̀. Kòlẹ́sẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀, tí ìyá rẹ̀ lè di fún un ní ìdájí ọjọ́ kan lórí àpótí ìjókòó, 21760 òṣìṣẹ́ inú káàdì kò mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ìṣirò rẹ̀ ni wọn kò tíì ṣe. Kim àti A.M. Darke, oníṣẹ́ ọnà tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga California ní Santa Cruz, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n wo irun tó ká gan-an bí àwọn ará ìṣáájú ṣe wo ìkòkò tíì. Wọ́n rí i pé kì í kàn ṣe irun gbọọrọ tí wọ́n lọ́. Bí ó bá ń yọ láti orí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa ń lọ ní tirẹ̀, títí yóò fi bá àwọn tó yí i ká dọ́gba, tí wọn yóò jọ máa yí pọ̀. Nígbà mìíràn ẹyọ kan á ń yí lọ sí apá ọ̀tún, á sì dédé yí padà sí apá òsì, gẹ́gẹ́ bí ìtàkùn tó gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Àwọn mìíràn á yọ kúrò lára àwọn yòókù, wọn á dá dúró lójú afẹ́fẹ́. Ní 2024, wọ́n gbé ìṣirò gbogbo èyí jáde kí ẹnikẹ́ni lè lò ó. Ohun tí ìyá onídìrí mọ̀ nínú ìka rẹ̀ wá di nǹkan tí ẹ̀rọ lè kà.

Ní ọdún yẹn kan náà, ní 28 oṣù kejì, eré àwòrán kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, Iwájú, jáde lórí Disney+. Ìlú Èkó ọjọ́ iwájú ni ó fi hàn, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń fò lókè ọ̀sà. Àwọn ọmọ Áfíríkà mẹ́ta tó dá ilé-iṣẹ́ Kugali sílẹ̀, ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Uganda kan, ló ronú rẹ̀. Wọ́n ti fọ́nnu lórí BBC ní 2019 pé àwọn yóò na Disney ní Áfíríkà, Disney sì pè wọ́n kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ Cinesite, ní London àti ní Montreal, ló fi ẹ̀rọ rẹ̀ ya àwòrán Èkó náà. Ìtàn ti wá láti ilé, ṣùgbọ́n ọkọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí kì í ṣe eré mọ́

Bí ó bá jẹ́ eré nìkan ni àwọn káàdì wọ̀nyí ń yà, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ní 2012, ní Toronto ní Kánádà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Alex Krizhevsky fi káàdì méjì, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà láti fi ṣeré, kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá ohun tó wà nínú àwòrán mọ̀: ajá, ológbò, ọkọ̀ ojú omi. Ó fi àwòrán tó ju mílíọ̀nù kan lọ hàn án. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rọ náà ti kọ́ iṣẹ́ náà ju gbogbo àwọn tó ti wà ṣáájú lọ. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ tuntun ti wọlé fún káàdì àwòrán. Kò sì pẹ́ tí ẹ̀rọ tó lè dá ojú ènìyàn mọ̀ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ojú ènìyàn tí kò sí láyé.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, fídíò kan tàn káàkiri lórí WhatsApp ní Burkina Faso. Àwọn ènìyàn tó wọṣọ dáadáa ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n ti ìjọba àwọn ológun lẹ́yìn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ ọ̀rọ̀ náà. Irinṣẹ́ kan tí ilé-iṣẹ́ ní London ń tà ni wọ́n fi ṣe é: ẹni tó bá sanwó yóò kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, àwòrán ènìyàn yóò sì kà á jáde. Ẹni tó fara balẹ̀ wò ó rí i pé ẹnu wọn kò bá ohùn wọn mu dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló ń fara balẹ̀ wo fídíò tó wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Ti Gabon tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Ali Bongo ṣàìsàn ní Saudi Arabia, àwọn ará ìlú kò sì rí i mọ́ fún oṣù méjì. Nígbà tí ọdún fẹ́ yí, wọ́n gbé fídíò ìkíni rẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́, apá rẹ̀ kan kò mì. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kọ̀ǹpútà ló yà á, pé Ààrẹ ti kú. Ní 7 oṣù kìíní ọdún 2019, àwọn ọmọ ogun kan gba ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba, wọ́n fẹ́ gbàjọba, wọ́n sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ìkíni náà lára ohun tó bí wọn nínú. Wọn kò ṣàṣeyọrí, ẹ̀mí sì bọ́ nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó fi hàn rí pé irọ́ ni fídíò náà. Àìsàn ló mú Ààrẹ. Ó padà sílé, ó sì ṣèjọba títí di oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí àwọn ológun mìíràn lé e kúrò. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti lè ya ojú ènìyàn, ojú ènìyàn gidi pàápàá ti di ohun tí wọ́n lè sọ pé ẹ̀rọ ló yà á.

Òfin Bẹ̀nẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Òfin 2017-20 ti 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tó dá lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayélujára, sọ nínú abala rẹ̀ 550 pé ẹni tó bá dá ìròyìn èké sílẹ̀ nípa ẹlòmíràn lórí ẹ̀rọ lè lọ sẹ́wọ̀n láti oṣù kan sí mẹ́fà, kí ó sì san owó ìtanràn láti 500000 fáráǹkì sí mílíọ̀nù kan. Òfin náà kò dá ẹni tó dá a sílẹ̀ nìkan lẹ́bi. Ó dárúkọ ẹni tó gbé e kiri pẹ̀lú. Ẹni tó wà ní Goro, tó rí fídíò kan ní alẹ́, tó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀ ní Parakou àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ kí ó tó sùn, wà lára àwọn tí òfin náà ń bá wí.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n wo ọwọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kì í mọ ọwọ́ yà: ìka á di mẹ́fà, tàbí kí àtàńpàkò yọ níbi tí kò yẹ. Ìmọ̀ràn náà wúlò nígbà náà. Ó ti ń dín kù nísinsìnyí, nítorí àwọn káàdì tó ń jáde lọ́dọọdún ti ń ka ìka dé márùn-ún. Ohun tí ẹ̀rọ kò tíì lè yà fún ará Goro ni ẹni tó mọ̀. Bí wọ́n bá fi ojú olóyè kan tàbí àlùfáà kan hàn lórí fóònù, tó ń sọ ohun tí kò sọ rí, ẹnìkan wà ní abúlé tó ní nọ́ńbà ọmọ rẹ̀. Wọ́n lè pè é kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n bi í pé: «Ṣé bàbá sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́? Níbo ni ó ti sọ ọ́? Ta ló wà níbẹ̀?»